Òwú Bàbá àti Fọ́nrán Irun Kan

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí, ilé ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn ni mo sì ti ṣe ìyàwó. Ní ọdún tí mo dé ilé ọkọ, mo bá bàbá ọkọ mi níwájú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ti na òwú gbọọrọ sílẹ̀, wọ́n ń fi ìka méjì tọ́ ọ wò.

"Ìyàwó, wá bá mi ká òwú yìí. Òjò ń bọ̀."

Mo wo ojú ọ̀run, ó mọ́ kedere. Mo wo fóònù. "Bàbá, fóònù ní oòrùn la máa rí lónìí."

"Ṣé fóònù ti fọwọ́ kan òwú ni?"

A ò tíì ká a tán tí afẹ́fẹ́ àti òjò fi dé. Tòwú-tòwú la sá wọlé, ẹ̀rín ń pa wá.

Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní nígbà ọyẹ́, òwú a gbẹ, a sì máa já ṣáá. Tí ọ̀rinrin bá wọ afẹ́fẹ́, a rọ̀ lọ́wọ́. Bàbá wọn ló kọ́ wọn. Èmi náà sọ ohun tí mo kà nílé ìwé: pé láyé àtijọ́, irun orí làwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó fi ń wọn ọ̀rinrin, nítorí irun máa ń gùn sí i tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́.

"Irun orí? Àwọn náà gbọ́n o! Jẹ́ ká ṣe é wò."

Mo fa irun tèmi tu, ó ká jọ, kò ṣe é lò. Obìnrin Fúlàní tó máa ń gbé wàrà wá fún wa ló rẹ́rìn-ín, tó fa ẹyọ kan tu nínú tirẹ̀ tó gùn tó sì nà. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo so ó mọ́ ìṣó lára pátákó, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣe ọwọ́ atọ́ka sí i nísàlẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, kò mira. Bàbá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìgbálẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Bàbá fi ìka tọ́ òwú wò, wọ́n pariwo: "Òun náà ti mọ̀!" Òjò rọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pe Bàbá wá sọ̀rọ̀ òwú fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n sì dé fìlà tuntun wá sí kíláàsì. Gbogbo ìbéèrè ni wọ́n dáhùn, àfi ti ọmọbìnrin kan: "Bàbá, kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ tí mo bá fọṣọ lòjò máa ń rọ̀?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.