Etí Ọ̀tún Ìbíjọkẹ́

Láńrewájú Adéjọbí ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo. Bí o bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọn yóò ní ọmọ ọkùnrin méjì ló bí, nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ fún wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ló wà nílé rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀. Obìnrin ni àkọ́bí, Ìbíjọkẹ́ sì lorúkọ rẹ̀.

Ìbíjọkẹ́ pẹ́ kó tó rìn, ó sì pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n sọ kò ju márùn-ún lọ: omi, iyán, màámi, bàámi, àti ó tó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àfi bó ṣe di ọdún 1967, tí nǹkan yí padà. Yóò jókòó jẹ́ẹ́, wọn yóò sì gbọ́ gbì! Yóò ti di ìkúùkù, yóò máa fi gbá ẹ̀gbẹ́ orí ara rẹ̀ lápá ọ̀tún, títí ibẹ̀ yóò fi wú, tí awọ yóò bó.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n kígbe mọ́ ọn, wọ́n fún un ní súìtì, wọ́n mú un lọ fún àdúrà. Lọ́jọ́ kan, Adéjọbí na ọmọ tó ń na ara rẹ̀. Nígbà tí kò sí èyí tó ràn án, ó mú ọ̀já tí Àpìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ fi pọn ọmọ náà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó fi so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá ẹ̀yìn. Láràárọ̀, kó tó wọ aṣọ iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń so ó. Bí àlejò bá gbọ́ tí nǹkan ń dún lẹ́yìn, wọ́n á ní ewúrẹ́ ni.

Ó ń lọ sí bí ọdún kan tí wọ́n ti wà lẹ́nu èyí, ni Julianah, àbúrò Àpìkẹ́ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Iléṣà, yà kí wọn. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó fi wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Ó rí ọ̀já lọ́wọ́ ọmọ náà, ó rí ojú ọgbẹ́ lórí rẹ̀, ó sì yíjú sí Adéjọbí tó tẹ̀ lé e.

"Bọ̀dá, ìgbà wo ló máa ń lu ara rẹ̀?"

"Ìgbàkígbà ni."

"Ṣé tó bá jẹun tán ni? Àbí tó bá dùbúlẹ̀? Àbí bí ariwo bá pọ̀ ni?"

Láti ọjọ́ tí Adéjọbí ti ń so ọmọ yìí lọ́wọ́, kò jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó wò ó.

Julianah tú ọ̀já náà. Ó gbé àgbọ̀n ọmọ sókè, ó sún imú mọ́ etí rẹ̀ ọ̀tún. "Ẹ wá gbóòórùn, bọ̀dá."

Òórùn ọyún ni.

"Etí ló ń dùn ún," Julianah wí. "Kò lẹ́nu tó lè fi sọ ọ́, ló ṣe ń fọwọ́ sọ ọ́." Àpìkẹ́ bú sẹ́kún. Adéjọbí kò lè gbójú sókè.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Àpìkẹ́ lọ gba káàdì, Adéjọbí sì jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Béjidé, ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó wá wo aláìsàn kan, ti bá a.

"Adéjọbí! Kí lo wá ṣe níbí? Ta lọmọ yìí?"

"Ọmọ ará ilé wa ni, sà. Mo kàn sìn wọ́n wá ni."

Ìbíjọkẹ́ yíjú sí i, ó gbọ́wọ́ lé e lórúnkún. "Bàámi," ó wí.

Béjidé wo ọmọ, ó wo baba. "Ọlọ́run á wò ó sàn," ló sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Adéjọbí ì bá rí ihò nílẹ̀, ì bá wọ̀ ọ́. Nígbà tí Àpìkẹ́ padà dé, ó béèrè ohun tó ń mú un làágùn. Ó ní ooru ni.

Dókítà fọ etí náà, ó gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ó fún wọn ní oògùn tí wọn yóò máa kán sí i. Ó ní àìsàn náà ti pẹ́, etí yẹn kò ní gbọ́ràn mọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ fi fífọ̀ rẹ̀ ṣeré kó má baà tún ṣọyún. "Ká ní ẹ ti tètè mú un wá..."

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lílu náà dín kù gan-an, ṣùgbọ́n kò tán. Julianah ní ó ti mọ́ ọn lára, nítorí ìgbà tó bá lu ara rẹ̀ nìkan ni gbogbo ilé ń sáré tọ̀ ọ́ wá. Ó ní kí Adéjọbí máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú lílu kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti rí i pé òùngbẹ wà níbẹ̀, ariwo àwọn àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, bí baba ṣe ń jáde nílé pàápàá wà níbẹ̀. Wọ́n wá kọ́ ọ pé bó bá ń fẹ́ nǹkan, kó fa aṣọ ẹni tó bá wà nítòsí. Bó bá ti fà á, wọ́n á pa ohun tí wọ́n ń ṣe tì, wọ́n á dá a lóhùn. Bó bá gbé ìkúùkù sókè, wọ́n á fi ìrọ̀rí sáàárín ọwọ́ àti orí, láìkígbe. Ọ̀já kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí gbogbo rẹ̀ máa ń dojú rú, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún yípo, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá tí kò ní lu ara rẹ̀ rárá.

Adéjọbí lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó jẹ́wọ́ fún un pé ọmọ òun ni Ìbíjọkẹ́.

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà," Béjidé wí. "Ohun tó dùn mí ni pé ojú ọmọ náà lo ti sọ ọ́."

Ti Àpìkẹ́ ló le. Ó di ọdún 1973 kó tó lè sọ fún un pé òun sẹ́ ọmọ náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí tìyátọmọ jọ ń bó ẹ̀gúsí. Àpìkẹ́ kò dáwọ́ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó gbé òwú àti ìgò oògùn síwájú rẹ̀.

"Ẹ fọ etí ọmọ yín," ó wí.

Adéjọbí kò fọ̀ ọ́ rí láti ọdún márùn-ún. Ìyá ló ń ṣe é. Adéjọbí jókòó ti Ìbíjọkẹ́, ọmọ náà sì tẹ orí fún un láìfà sẹ́yìn. Nígbà tó kán oògùn náà, ó dà sí i léjìká. Ó nu ún kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀.