Bẹ́ẹ̀dì Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Wọlé

Ọdún tí owó kòkó gòkè débi pé àwọn àgbẹ̀ ẹ̀yìn Iléṣà ń fi bíà fọ ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á lè ní irọ́ ni mo ń pa. Irọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí ẹ rò.

Òṣogbo ni mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, síbẹ̀ kò sí ìyanṣẹ́lódì tí a ṣe lásìkò mi tí wọn kò fi mí síwájú, nítorí mo tóbi. Ẹni tó bá fara pa mọ́ sẹ́yìn mi, ọta ìbọn kò lè rí i. Ní Òkè-Fìà, oníkẹ̀kẹ́ kì í gbé mi àfi kí n san ti ẹni méjì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń fi sínú tí mo ń tu itọ́ funfun.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú, ọmọ mi obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Iléṣà mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Mo bá obìnrin kan láti Ifẹ̀wàrà lórí bẹ́ńṣì. Ó sanra tó mi, egbò ńlá sì wà lójúgun rẹ̀. Dókítà ní òun gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n wa kí òun tó kọ oògùn. Òṣùwọ̀n wọn kò sì gbà wá. Ni nọ́ọ̀sì bá kó wa lọ sí ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ra kòkó lódìkejì títì.

"Ẹ gùn ún, Màmá," ni oníkòkó wí.

Àwọn tó wá ta kòkó yí wa ká. Obìnrin náà gun òṣùwọ̀n, ó ń wo ilẹ̀. Oníkòkó ka ìwọ̀n rẹ̀ sókè, ó wá fi kún un bó ti máa ń ṣe fún gbogbo àpò: "Ṣùgbọ́n ó rin díẹ̀. A ó yọ ti omi kúrò."

Àṣà iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun sọ ọ́. Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí èmi ló kàn. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wọkọ̀ Ifẹ̀wàrà láìgba oògùn.

Ìgbà tí mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. N kò gun òṣùwọ̀n kankan. Mo padà sí géètì tí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ń gbà, mo jókòó sáàárín ọ̀nà. Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi. Àwọn baba rẹ̀ tó ń ta aṣọ láwìn, àwọn òṣómàáló, a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kì í sì í dìde títí gbèsè á fi pé. Orúnkún tèmi kò gbà mí lóṣòó, ni mo ṣe fi ìdí lélẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé aláìsàn, tí ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́ lórí fífi ọwọ́ lásán gbé irú wa, wá jókòó tì mí. Ọlọ́pàá dé.

"Bàbá, ẹ dìde."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ọmọ mi. Ẹ gbé mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fà mí, ṣòkòtò ọ̀gá wọn ya. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ ní Ọ̀tan-Ilé.

"Kí lẹ tilẹ̀ ń jẹ, Bàbá?"

"Ìlérí ìjọba. Ó máa ń wúni."

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ rẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Òṣùwọ̀n tó gbà wá, nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì. Kọ́tìnì."

Ó fi Ọlọ́run búra pé gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n fà mí dìde.

Òṣùwọ̀n dé lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀dì dé, ó fẹ̀ bíi pápá. Àmọ́ ẹni tó rà á kò wọn ẹnu ọ̀nà yàrá, bẹ́ẹ̀dì kò sì gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, níbi tí àwọn oníbúrẹ́dì ń gbà kọjá. Ẹ̀rọ àti kọ́tìnì, ojú wa kò tíì rí wọn.

Síbẹ̀ mo lọ sí Ifẹ̀wàrà lọ pe obìnrin náà. Egbò ti fẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi àga gbòòrò kan hàn mí.

"Ẹ jókòó dáadáa, Bàbá. Ó gbé mi, á gbé yín."

"Bẹ́ẹ̀dì ti dé, Màmá."

"Ṣé inú yàrá ló wà?"

Irọ́ tí kì í wọ́n mi, mo wá a tì. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọlé."

Ó fi ìró bo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn ní ìsọ̀ kòkó, mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Tiyín ló ròkè jù."

Ilẹ̀ ni èmi náà ń wò. "Ẹ má bínú."

"N kò bínú. Ẹ lọ bá mi fẹ ẹnu ọ̀nà yẹn. Tó bá fẹ̀ tán, n ó wá."

A jèrè díẹ̀: wọn kì í mú aláìsàn lọ sí ìsọ̀ kòkó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ obìnrin yẹn ló ń san èlé orí gbèsè tó kù. Òṣómàáló gidi kì í torí ìlérí dìde. Èmi dìde, ìtìjú ìyẹn sì ju ti orí òṣùwọ̀n lọ. Lọ́jọ́ Ajé mo ń padà sí géètì náà. Ẹ̀yin tí orúnkún yín ṣì gbà yín lóṣòó, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.