Ṣùkúrù Tí Kì Í Yà

Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ olóògbé Ṣùkúrù ní Adó-Àwáyè, ìtàn Tókíò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojú Olúsọjí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n òun kì í sọ ọ́. Á dákẹ́ títí wọn yóò fi sọ ọ́ tán, á wá tún ibi tí wọ́n ti ṣì í sọ ṣe.

Olúsọjí ni olùkọ́. Ètò ìlú ló ń kọ́ni ní yunifásítì kan ní Ìṣẹ́yìn: bí a ṣe ń ya ìlú sórí ìwé, ibi tí títì yóò gbà, ibi tí ọjà yóò wà, ibi tí àgbàrá yóò ṣàn sí. Ní Sátidé, àwọn àgbàlagbà ló máa ń kọ́. Lọ́jọ́ kan, ó fún oníkálukú wọn ní ìlú òkèèrè kan, ó ní kí wọ́n ya títì ńlá gba inú rẹ̀ kọjá. Tókíò bọ́ sọ́wọ́ Ṣùkúrù, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, tó dàgbà ju bàbá olùkọ́ rẹ̀ lọ.

Títì Ṣùkúrù dára. Ó gùn tààrà títí ó fi dé àárín ìlú. Níbẹ̀ ló ti ṣàdédé yà sápá òsì, tó yí nǹkan kékeré kan po, kó tó padà sójú ìlà.

"Kí nìyí, Baba?"

"Ilé ni, sà."

"Ilé ta?"

"Ilé ìyá mi."

Gbogbo kíláàsì yíjú sí i.

"Ilé ìyá yín? Ní Tókíò?"

"Bí ọ̀nà yín bá lè dé ilé ìyá mi láìkan ilẹ̀kùn, kí ló ní kí ilé ìyá mi má dé Tókíò?"

Olúsọjí fún un ní òdo. Ṣùkúrù gba ìwé rẹ̀, ó gbé e jìnnà sójú, ó wo òdo náà dáadáa. "Ìwọ náà rí i," ó ní. "Kò gùn tààrà. Ó yípo. O ti ń kọ́ ẹ̀kọ́."

Ọ̀rọ̀ ilé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún un. Sàrátù, ìyá rẹ̀, ló kọ́ ọ. Òrí ló tà, tó tà, tó tà, tí òrí fi di ilé. Nígbà tó kú, ìta ilé náà ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti máa ń po òrí. Ìgbà tó yá, ìjọba ní àwọn fẹ́ fẹ ọ̀nà tó ti Ìṣẹ́yìn wá, kí ọkọ̀ méjì-méjì lè máa lọ, kí méjì-méjì máa bọ̀. Wọ́n ya ọ̀nà náà, ọ̀nà náà kò yà. Orí sàréè Sàrátù gan-an ló gbà.

Àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára ògiri. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: wíwó ni. Ṣùkúrù kò bá wọn jà. Ó fún wọn ní àga, ó fún wọn lómi mu, ó kí wọn kú iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe lọ tán, ó gba Ìṣẹ́yìn lọ ra ọ̀dà pupa. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti fa àmì kan náà sára ilé ìwé, ilé ìmáàmù, àgọ́ ọlọ́pàá àti ìhà ewúrẹ́ Ládòkun, aládùúgbò rẹ̀.

"Baba Sodiqat!" Ládòkun figbe ta, ó fi orúkọ ọmọ pe Ṣùkúrù. "Kí ni ewúrẹ́ tèmi ṣe fún ìjọba?"

"Ojú ọ̀nà ló máa ń dùbúlẹ̀ sí."

Àwọn òṣìṣẹ́ padà dé, wọn kò mọ èyí tí wọ́n fẹ́ wó mọ́. Wọ́n lọ gbé ọ̀dà búlúù wá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ewúrẹ́ Ládòkun ti di aláwọ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n Ṣùkúrù mọ̀ pé kò sí ọ̀dà tí kì í tán. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ dá odò dúró, orísun ni kó lọ. Ó wọ agbádá, ó gun ọ̀kadà lọ sí yunifásítì. Dayọ̀, obìnrin tó ń kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ wọ ẹ̀kọ́ Sátidé, dìde fún un.

"Baba, ẹ ò ṣe wọ ẹ̀kọ́ ìlera? Wọ́n máa kọ́ yín bí ẹ ṣe máa tọ́ àwọn èèyàn sọ́nà, kí wọ́n lè máa sinmi, kí ọkàn wọn sì balẹ̀."

"Ìsinmi ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?"

"Ó wà nínú rẹ̀, sà."

"Ẹni tó bá wá sùn nínú kíláàsì ńkọ́? Ṣé ẹni yẹn ti yege nìyẹn?"

Dayọ̀ fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín. "Ti èdè àgbáyé náà wà. Faransé, Lárúbáwá, èdè Ṣáínà."

"Èwo ni katapílà ń gbọ́ nínú wọn?"

"Katapílà? Katapílà ò gbọ́ èdè kankan, Baba."

"Ta ló wá ń bá a sọ̀rọ̀ tó fi ń mọ ilé tó máa wó?"

Dayọ̀ ronú sí i. "Àwọn tó ń ya ètò ìlú ni, sà."

"Ibẹ̀ ni kí o kọ orúkọ mi sí."

Bó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ Olúsọjí nìyẹn, ìṣòro àkọ́kọ́ sì ni ìkíni. Bí Ṣùkúrù bá wọlé, Olúsọjí á fẹ́ dọ̀bálẹ̀, á rántí pé òun ni olùkọ́, á wá dúró sí agbede méjì bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ṣùkúrù ní tirẹ̀ kò lè pe ọmọdé ní "ẹ̀yin", kò sì fẹ́ rí olùkọ́ rẹ̀ fín. Ó pa méjèèjì pọ̀. "Ìwọ, sà," á ní, "o ò tíì jẹun láàárọ̀ yìí, àbí? Ojú rẹ ti wọlé, sà."

Ẹ̀kọ́ wọ̀ ọ́ lórí, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n ní kó yà tí ilé ìyá rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Wọ́n ní kó ya ọjà, ilé Sàrátù wà láàárín àwọn aláta. Wọ́n ní kó ya pápá ọkọ̀ òfuurufú. Bó ṣe yà á, bàálù gbọ́dọ̀ yà fún Sàrátù kó tó lè balẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn yòókù ti lọ, Ṣùkúrù dúró. Ó tẹ́ ìwé ńlá kan sórí tábìlì. Olúsọjí wò ó. Àwòrán ọ̀nà Adó-Àwáyè ni, èyí tí òun fúnra rẹ̀ yà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń la ọ̀nà, tó gbà á síṣẹ́ ní àfikún sí iṣẹ́ olùkọ́. Kò tíì fẹsẹ̀ kan Adó-Àwáyè rí nígbà tó yà á.

"Ta ló sọ fún yín pé èmi ni?"

"Awakọ̀ ni mí. Mò ń béèrè ọ̀nà, mò ń béèrè ọ̀nà, títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, sà." Ó fi ìka lé ibì kan. "Ìlà yìí ń bọ̀ tààrà. Kí ló dé tó fi yà níbí?"

"Òkè ló wà níbẹ̀, Baba. Àpáta ni."

"O yà fún òkè."

"Kò sí bá a ṣe lè wó òkè."

"Háà. Ẹni tí ẹ ò bá lè wó lẹ máa ń yà fún." Ṣùkúrù ká ìwé náà, ó fi há abíyá. "Kò burú. A jọ máa wò ó bóyá ìyá mi ṣeé wó."

Olúsọjí kò sùn dáadáa. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó wa ọkọ̀ lọ sí Adó-Àwáyè. Dúróríkẹ́, ìyàwó Ṣùkúrù, gún iyán fún un, ó sì jókòó tì í kó lè jẹ ẹ́ tán.

"Ìyá," Olúsọjí ní, "ṣé bí Baba ṣe ń ṣe látilẹ̀ nìyí?"

"Látilẹ̀ kẹ̀! Orí afárá ni mo ti pàdé rẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ ń bọ̀, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, afárá ò gba méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó yà. Ó ní òun kì í yà. Wọ́n pa iná ọkọ̀, wọ́n jókòó. Wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi kí ebi má pa á kú síbẹ̀. Mo gbé e lọ. Mo rí i pé ebi ń pa onítọ̀hún náà."

"Ta ló wá yà níkẹyìn?"

Dúróríkẹ́ wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni."

Ṣùkúrù jáde, ó mú Olúsọjí lọ síta. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn fi sàréè náà hàn án, ó ní, "Ìyá mi rèé, sà. Ìyá mi, olùkọ́ mi rèé. Òun ló fẹ́ gba orí yín kọjá." Olúsọjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró sí agbede méjì.

Ọdún yẹn kò parí kí Ṣùkúrù tó kú. Ikọ́ ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ bí eré. Kó tó lọ, ó sọ ibi tí wọ́n máa sin òun sí: ẹ̀gbẹ́ ìyá òun, ní apá ibi tí katapílà máa kọ́kọ́ kàn. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, gbogbo èèyàn ń nu ojú. Ládòkun wo sàréè tuntun náà títí, ó mi orí.

"Ẹ wá wo Baba Sodiqat," ó ní. "Ó kú tán, ó tún dínà."

Ibi tí wọ́n ti ń sunkún ni wọ́n ti bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ náà pe Olúsọjí sí ìpàdé, kó wá fọwọ́ sí àwòrán ọ̀nà, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Ó ti tún un yà. Ọ̀gá wọn gbé awò ojú sókè.

"Kọ́nà wo nìyí?"

"Ilé kan ló wà níbẹ̀, sà."

"Ilé ọlọ́lá?"

"Ilé amọ̀ ni. Ti akẹ́kọ̀ọ́ mi."

"Ó mà ní láti mọ̀wé o! Máàkì wo ló gbà?"

"Òdo, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹnì kan. Ọ̀gá náà ló kọ́kọ́ dákẹ́. "Fà á ní tààrà, Olúsọjí, kó o fọwọ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a máa wá ẹlòmíràn, ìwọ àti iṣẹ́ wa sì pín gaarí nìyẹn."

Olúsọjí fi bíírò lélẹ̀. "Ẹ wá ẹlòmíràn, sà. Sàréè ìyá àti ọmọ ló wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó bá fọwọ́ sí i ló máa wà lábẹ́ rẹ̀."

Ọ̀gá ti ìwé náà sí ẹni tó wà lápá ọ̀tún. Ẹni yẹn wò ó, ó tì í sí ẹni kejì. Ẹni kejì rántí pé òun ò mú awò òun wá. Ìwé náà ń yí tábìlì po bí ọbẹ̀ tó ti kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ bu níbẹ̀, títí ó fi padà délẹ̀ níwájú ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó wò ó. Ó wo aago.

"Ẹ jẹ́ ó yà!" ó pariwo. "Ebi ń pa mí."

Wọn kò tún pe Olúsọjí síṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ọ̀nà náà ti parí báyìí. Ó gùn tààrà láti Ìṣẹ́yìn, ó yà fún òkè, ó dé Adó-Àwáyè, ó rọra yà sápá òsì, ó yí ilé amọ̀ kan po, ó tún padà sójú ìlà. Olúsọjí máa ń dúró níbẹ̀ bó bá ń lọ kí Dúróríkẹ́. Ní àìpẹ́ yìí, bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, akẹ́rù kan tó kún fún iṣu já sí kọ́nà náà, ó tẹ bíréékì, iṣu mélòó kan yí bọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ náà yọrí.

"Ọ̀dẹ̀ wo ló ya ọ̀nà yìí? Kò ní dáa fún ẹni tó yà á! Kí ló ń yà fún?"

Olúsọjí bá a ṣa iṣu rẹ̀, ó kó o fún un, ó kí i kú ewu. Nígbà tí ariwo ọkọ̀ náà ti jìnnà, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín sàréè méjèèjì.

"Wọ́n ti ń bú wa o, Baba."