Mílíìkì Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún ènìyàn. Ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Dublin, obìnrin ará Mẹ́síkò kan wà tí àwa méjèèjì jọ máa ń lẹ ìwé mọ́ páálí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí a ti jọ ń dúró sídìí iṣẹ́ yìí, a kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ṣé dáadáa ni?" "Grand ni." Ó tán.

Nígbà tí oṣù October ń parí lọ, ó gbé tábìlì kékeré kan sí igun yàrá tí a ti ń jẹun. Ó tẹ́ aṣọ aláràbarà lé e, ó to òdòdó aláwọ̀ ọsàn sí i, ó gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ síbẹ̀, àti búrẹ́dì, àti omi nínú ife, àti sìgá ẹyọ kan. Iléeṣẹ́ kò gba iná láàyè, nítorí náà oníbátìrì ni àbẹ́là rẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù November, àwọn òkú máa ń wá kí àwọn ènìyàn wọn. Ọ̀nà jìn, òùngbẹ á ti máa gbẹ wọ́n, ìdí omi nìyẹn. Oúnjẹ tí kálukú fẹ́ràn jù láyé ni wọ́n sì ń gbé kalẹ̀ fún un.

"Àyè ṣì wà lórí tábìlì," ló wí. "Ta ni tìrẹ?"

Mo ní ìyá mi ni. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò sọ fún un pé ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba nígbà tí ìyá mi kú, n kò lè jáde. Pé orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú, níta ilé ìkẹ́rùsí yìí kan náà, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ́rùn. Pé bí pósí ṣe ń wọlẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, tí mo sì padà sídìí páálí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í gbé oúnjẹ fún òkú. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi lọ sílé ní Ongar, ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò: kí ni ìyá mi fẹ́ràn láti jẹ?

Ìrẹsì tó jó mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò ló wá sí mi lọ́kàn. Òun ni mo máa ń rí i tí wọ́n ń ha jẹ lórí àpótí, lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti jẹun tán. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi mi, mo se ìrẹsì, mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jó. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í han lókè, mo gun àga, mo ń fi tọ́wẹ̀lì fẹ́ ẹ. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé. Ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀ ni, ì bá ti fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ nínú ike. Obìnrin náà gbóòórùn rẹ̀.

"Èyí ni ìyá rẹ fẹ́ràn?"

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́," ló wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a sinmi, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni màmá fẹ́ràn láti jẹ?"

"Ṣé o ti ń bọ òkú ní Ireland ni?"

"Rárá o, mo kàn ń bèèrè ni. Ṣé kì í ṣe ìrẹsì jíjó?"

"Ọmọ ìyá mi, ta ló fẹ́ràn ìrẹsì jíjó? Ẹ̀yin lẹ jẹ èyí tó dáa tán." Ni ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀gbọ́n mi. "Mílíìkì ni. Mílíìkì oníṣúgà, tó ki, ti inú agolo. Tí ẹ bá ti lọ sílé-ìwé, wọ́n á fi ìṣó lu ihò méjì sí i, wọ́n á jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n á máa fà á mu. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ."

Bàbá wa nà mí rí, wọ́n ní èmi ni mo jí mílíìkì mu. Mo sunkún, mo búra, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́.

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n nà mí?"

"Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ, mo ní."

Ẹran méjì ni mo bá nínú abọ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n nà mí. Nígbà náà, mo rò pé àánú mi ló ṣe ìyá mi.

Mo ra agolo kan, mo fi ìṣó lu ihò méjì sí i, mo gbé e síwájú fọ́tò ìyá mi tí mo gbé sórí tábìlì náà. Obìnrin náà wò ó, ó ní, "Bàbá mi á fẹ́ mu níbẹ̀ o."

"Kó kọ́kọ́ bẹ ìyá mi ná."

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó palẹ̀ tábìlì mọ́. Ó ní ohun tó bá ṣẹ́kù, alààyè ló ni ín, ó gbé agolo náà lé mi lọ́wọ́. Mo jáde, mo jókòó síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ ìsìnkú, mo kọjú sí ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí Holyhead. Bàbá wa náà ti kú. Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún mọ́ pé èmi kọ́.

Mo fà á mu. Ó dùn jù. Mo fi ìka dí ihò kan, kó má bàa tètè tán.