Ọjọ́ tí Màmá Wẹ Òwú

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, a háyà yàrá méjì nílé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo sì ní ehoro funfun kan níbẹ̀ tí mo sọ ní Òwú. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé olójúlé púpọ̀, níbi tí gbogbo ayálégbé ti ń lo ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo, ẹ mọ̀ pé ẹjọ́ ni ẹni tó bá ń sin ẹran níbẹ̀ ń sìn. Bí gọ́tà bá ń rùn, Òwú ni. Bí ọbẹ̀ ẹnì kan bá kan sínú ìkòkò, Òwú náà ni. Ká má purọ́ ṣá, ìtọ̀ ehoro a máa ta ni nímú, pàápàá lásìkò òjò tí nǹkan kì í tètè gbẹ.

Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Kí n tó wọ aṣọ ilé ìwé láràárọ̀, màá ti gbá ìgbẹ́ rẹ̀, màá kó bébà tó ti rin dànù, màá sì da eérú sábẹ́ kéèjì kó lè fa ìtọ̀ mu. Bí mo bá dé, màá lọ já ewé yúnyún fún un lẹ́bàá ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé, bàbá mi á ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì, kí n gbọ́wọ́ sókè, kí èmi náà lè gbọ́ òórùn tí àwọn ará ilé ń gbọ́. Òwú á máa wò mí, á máa jẹ ewé rẹ̀ lọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án.

Nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ di ńlá. Ìyá onílé pe bàbá mi, ó ní òun ò ní gbà kí àlejò wá dí imú nínú ilé òun. Bí òórùn yẹn bá ṣì wà láàárọ̀ ìkómọ, ó ní kí wọ́n fi ehoro náà se ọbẹ̀ fún ìyá ọmọ. Bàbá mi ní kò burú. Ẹran tó mọ ìró ẹsẹ̀ mi, tó máa ń fi imú kan ọwọ́ mi, òun ni wọ́n fẹ́ ju sínú ìkòkò.

Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá tó bí ìyá mi, ti wá láti máa wẹ ọmọ. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé e. Á fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú fọ gbogbo oríkèé rẹ̀, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á fi àdí pa á lára, á sì máa kì í títí ìwẹ̀ yóò fi parí. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ọmọ tí wọn ò bá fọ dáadáa ní jòjòló, òórùn ara á bá a dàgbà. Nígbà tí Màmá rí i pé mò ń sunkún, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, Òwú kò jẹ̀bi, àwọn tí kò wẹ̀ ẹ́ ní kékeré ló jẹ̀bi.

Nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, tí Màmá wẹ ọmọ tán, ó ní kí n gbé Òwú wá. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ kan náà, ó fọ etí rẹ̀, ó fọ ìdí rẹ̀, ó rọra nà án lẹ́sẹ̀. Òwú kò ké. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Màmá ń kì í lọ bó ṣe ń kì àbúrò mi. Ó fi àdí pa á lára, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò rùn mọ́ lóòótọ́. Òórùn àbúrò mi gẹ́lẹ́ ló ń jáde lára rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú sọ́wọ́ mi.

Bàbá mi, tó ti gbà kí wọ́n sè é, ló gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Màmá dúró tì í, ó bi í léèrè pé, “Ṣé omi tí mo fi wẹ̀ ẹ́ ni?”

Bàbá mi ní, “Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, Màmá. Ọjọ́ ẹ̀ ló pé.”

Láàárọ̀ ìkómọ, Màmá wẹ ọmọ láì kì í.

Lóde òní, Ìgàndó ni mò ń gbé, ọmọbìnrin mi náà sì ní ehoro. Ohun tí gbogbo ilé wa kò mọ̀ nígbà náà, fóònù rẹ̀ ló kọ́ ọ: wọn kì í wẹ ehoro, ẹ̀rù àti òtútù omi lè pa á. Èérún pákó tí káfíńtà fá ló ń tẹ́ sínú kéèjì, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ déédéé, bí nǹkan bá ta sí i lára, á fi aṣọ tó rin díẹ̀ nù ún níbẹ̀ nìkan. Kò sí ará ilé tó ń dí imú. Inú mi dùn pé ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń dùn mí pé ó rọrùn tó báyìí.

Ọ̀dọ̀ wa ni Màmá ń gbé báyìí, ó ti darúgbó gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé àga síwájú kéèjì. Ehoro náà ń lá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń fi bọ́jú, ó fa etí rẹ̀ wálẹ̀, ó ń lá a. Màmá wò ó pẹ́.

“Àbẹ̀kẹ́,” ó pè mí, “àṣé ó máa ń wẹ̀ fúnra rẹ̀.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń fọwọ́ pa wọ́n, níbi tó ti wẹ gbogbo wa. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.”