Àga Kẹrìnlá Nílé Sidonie

Nílùú Dijon, kò sí obìnrin tó mọ àlejò í ṣe bíi Sidonie, ìyàwó Gontran. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fáwọn àlejò rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣojú mi. Ọmọ ọlọ́lá ni, ọlọ́lá ló sì fẹ́, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ ló jẹ ẹ́ lógún. Ó ń kọ ìtàn Odile, ọmọbìnrin kan tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ sójú òkun.

Gontran kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyìn ló fẹ́ràn jù. Ó kìlọ̀ fún un pé bó bá pa àlejò tì nítorí tàdáwà, òun á ju gbogbo ìwé rẹ̀ síná. Bẹ́ẹ̀, bílẹ̀ bá mọ́, Sidonie ń lọ kí tibí. Bó di ọ̀sán, tọ̀hún ń wá kí i. Ìgbà wo ló fẹ́ kọ̀wé?

Ni obìnrin náà bá dọ́gbọ́n. Ta ló jẹ́ jókòó ṣìkẹtàlá nídìí tábìlì nílẹ̀ wa? Wọ́n ní ọ̀kan á kú kọ́dún tó yí po. Àlejò mẹ́wàá ló ń pè. Fi òun, ọkọ rẹ̀ àti Hermance ìyá ọkọ rẹ̀ kún un, ó pé mẹ́tàlá. Á ní ó mà ṣe o, ẹni kẹrìnlá ò wá, kí wọ́n jókòó, òun á yẹra fún wọn. Wọ́n á máa yìn ín, òun á ti gòkè lọ sídìí ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, á kà á sétí Hermance, torí ojú ìyá ti di bàìbàì. Hermance kò yìn ín rí. Á kàn yínmú, á ní ṣé ibi tó mọ nìyẹn.

Àfìgbà tí Gontran fura. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó mú dókítà kan wọlé, ó ní kí n gbé àga kẹrìnlá wá.

“A ti pé, Sidonie. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni dókítà á máa wá. Jókòó.”

Sidonie jókòó. Orí ìkẹyìn ìwé náà ló kù. Ó ń bi àwọn àlejò léèrè ọmọ wọn, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ló ń wò. Inú bí mi, díẹ̀ ló kù kí n da ọbẹ̀ sí dókítà lára.

Ni Hermance bá fi ṣíbí lélẹ̀, ó ní inú ń run òun.

“Dókítà rèé, màámi,” Gontran wí. “Ẹ jẹ́ kó wò yín.”

“Kó jẹ oúnjẹ tí wọ́n pè é sí.” Ìyá dìde, ó na ọ̀pá sí wọn. “Ẹ ti ku mẹ́tàlá. Mi ò fẹ́ òkú nílé yìí. Ìyàwó mi, dìde, sìn mí gòkè.”

Mo gbé fìtílà ṣíwájú wọn. Lórí àtẹ̀gùn, Hermance di ọwọ́ Sidonie mú.

“Ṣé ọmọkùnrin yẹn á padà sọ́dọ̀ Odile? Lọ kọ ọ́. Mo ti darúgbó, mi ò fẹ́ kú láìgbọ́ ọ.”

Ìwé náà parí. Síbẹ̀, gbogbo Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni inú ń run ìyá, títí Sidonie fi kọ mẹ́ta sí i.