Mang Tó Bo Ojúbọ Ilẹ̀ Lian

Ìlú Lian kéré débi pé bí ajá bá gbó ní ẹnubodè kan, àwọn tó wà ní ẹnubodè kejì á dìde wo ẹ̀yìnkùlé wọn. Síbẹ̀, ó ti lájú rí. Láyé bàbá Mang, iyọ̀ Lian ń lọ sókè odò Huai, gbogbo ìlú àyíká sì ń wárí fún un. Ibẹ̀ ni orí àwọn ọba wọn ti wú. Èyí tó wà lórí oyè láyé Mang kò mọ̀ ju kó máa rọ agogo idẹ lọ.

Iṣẹ́ ìbolé ni Mang jogún. Amọ̀ gígún ni odi ìlú, òjò sì máa ń jẹ ẹ́, ìyẹn ló ṣe máa ń fi koríko bo orí rẹ̀ lọ́dọọdún. Àfi bí ọba ṣe ní kí wọ́n kó gbogbo koríko lọ sórí ilé agogo. Mang bẹ ìránṣẹ́ ọba títí ẹnu fi bó o.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, odi ti ń ṣí. Ẹ fún mi ní díẹ̀ níbẹ̀."

"Mang, ìwọ kì í sinmi ni? Ta ló fẹ́ bá wa jà? Ẹbí ni àwa àti gbogbo ìlú àyíká."

"Ẹbí tó ń pọ́n idà! Háà, ẹ̀yin èèyàn yìí á pa mí o!"

Ó délé, kò fẹnu kan jéró tí Yun ìyàwó rẹ̀ sè.

"Ó tó gẹ́ẹ́, bàbá wọn. Ṣé orí yín nìkan ni odi máa wó lù ni?"

"Á wó lu ìwọ náà!"

Òjò ọdún kejì wó odi náà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ti Lian la ẹnu gbàgà, àwọn ọmọ ogun ìlú kan láti gúúsù sì rìn wọlé bí ẹni ń lọ pọnmi. Wọ́n mú ọba, wọ́n kó agogo.

Ó wá ku ojúbọ ilẹ̀, òkìtì tí òjò àti oòrùn gbọ́dọ̀ máa kàn kí ìlú lè wà láàyè. Ìlú tí wọ́n bá ti pa, ṣe ni wọ́n ń kọ́ òrùlé lé tirẹ̀ lórí. Balógun àwọn ará gúúsù bèèrè ẹni tó mọ ilé bò. Gbogbo ọwọ́ nà sí Mang.

"Bò ó dáadáa. Bí omi bá kán sí i pẹ́nrẹ́n, orí ìyàwó ẹ ló máa lọ sí i."

Mang gun orí òrùlé náà, inú ń bí i, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nísàlẹ̀, láàárín àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú, ìránṣẹ́ ọba bú sẹ́kún.

"Mang! Ọwọ́ ara ẹ lo fi ń sin ìlú wa?"

"Ọ̀gá, ẹ fi ẹkún yẹn sílẹ̀, òjò ti ṣú! Ẹ gbé koríko fún mi."

Ìránṣẹ́ ọba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé odindi ìdì kan sókè sí i.